Ẹṣin Méje Tí Kì í Ṣe Tiwa

Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹta

Damdin lọ láàárọ̀ yìí. Ọmọ mi ni, òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Ó bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ìlú ńlá, ó kó awọ àgùntàn dání kí ó lè fi wọ́n pààrọ̀ ìyẹ̀fun àti tíì kí Oṣù Funfun, ọdún tuntun wa, tó wọlé. Kí ó tó gun ọkọ̀ ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Norjmaa, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá á gbàgbé ìdajì, wọ́n á sì fi ìdajì tó kù bá mi jà."

Èmi Chültem kò mọ̀wé. Norjmaa ka ìwé ọlọ́dún mẹ́wàá, òun ló ń kọ ohun tí mo bá sọ. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má bá mi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Òtútù mú. Ajá kò kúrò lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù láti àná.

Oṣù Kejì, ọjọ́ keje

Afẹ́fẹ́ ni ṣáá. Rédíò ní àwọn aṣòfin jókòó ní Ulaanbaatar, olú-ìlú wa, lórí òfin tuntun. Bátìrì rédíò kú kí wọ́n tó dìde.

Tserendash wá mu tíì. Ẹ̀yìn òkè ni àgọ́ rẹ̀ wà. Òun ló ń ka ìwé ẹgbẹ́ òṣèlú sí wa létí nígbà tí gbogbo ẹran ṣì jẹ́ ti àjọ ìjọba. Ní báyìí tí àjọ ti túká, sìgá àti fódíkà ló ń tà. Ó ní epo ti tán ní ìlú àgbègbè, ó ní àpò ìyẹ̀fun kan ti di àgùntàn mẹ́ta. Ó tún ní àwọn ará òkè odò ti pàdánù ẹṣin lẹ́ẹ̀mejì láàárín òtútù yìí, àwọn tó kó wọn sì gbébọn dání.

"Chültem," ó ní, "láyé tiwa, ẹni tó bá jí ẹṣin, ìjọba ló jà lólè. Ní báyìí ìwọ fúnra rẹ ló jà lólè. Ohun tí wọ́n ń pè ní òmìnira nìyẹn."

"Láyé tiwa, ìwọ lò ń fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí ìjọba. Mu tíì rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Kò sẹ́.

Lẹ́yìn tó lọ, mo gun òkè wo apá ààlà. Nígbà kan, àwa àti àwọn ará Tuva tó wà lódìkejì jọ ń fún ẹran lómi nínú odò kan náà ni, a jọ ń wo sinimá lórí aṣọ kan. Mi ò rí èéfín kankan níbẹ̀ lónìí. Ibi tí kò bá sí èéfín, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ṣí lọ. Ó sì lè jẹ́ pé wọn ò fẹ́ kí a rí wọn.

Oṣù Kejì, ọjọ́ kọkànlá

A gbàlejò. Wọ́n ké láti òkèèrè pé kí a di ajá mú, Norjmaa sì jáde lọ dì í mú. Ọkùnrin mẹ́ta. Eyín góòlù wà lẹ́nu èyí tó jẹ́ ọ̀gá wọn, orí gàárì rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Mo fún wọn ní ìgò aáṣáà mi, wọ́n fún mi ní tiwọn, tíì dé. A kì í bi àlejò léèrè orúkọ kó tó mu tíì. Wọ́n mu ún tán, síbẹ̀ wọn ò sọ orúkọ. Ọ̀rọ̀ ìkíni ni wọ́n ń sọ bó ṣe yẹ ká sọ ọ́.

"Bàbá, ṣé òtútù ń lọ ní ìrọ̀rùn?"

"Ní ìrọ̀rùn."

"Ṣé ẹran sanra?"

"Wọ́n sanra." Egungun ìhà àwọn àgùntàn mi ṣeé kà láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

"Níbo ni ẹṣin yín ń jẹ̀ lọ́dún yìí?"

"Àfonífojì Pupa. Koríko ibẹ̀ kò tíì tán."

Norjmaa fi ọmọrí bo ìkòkò, ó dún gan-an. Eléyín góòlù ní tíì wa dùn. Wọ́n lọ.

"Bàbá," Norjmaa ní, "ẹ sọ ibi tí ẹṣin wà fún wọn."

"Wọ́n bi mí ni. Ṣé kí n ní mi ò mọ ibi tí ẹṣin mi wà, bí ọ̀mùtí?"

"Ẹ̀ bá ti pa irọ́."

"Fún ẹni tó ń mu tíì mi lọ́wọ́?"

Ó lọ fọ abọ́ wọn, ó fọ̀ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹṣin ti lọ.

Mo gun ẹṣin eérú tí a máa ń so mọ́lẹ̀ nílé lọ sí Àfonífojì Pupa. Ìgbẹ́ ẹṣin tó ti dì ni mo bá níbẹ̀, àti àmì pátákò. Mi ò ní sọ iye ẹṣin wa, a kì í ka ohun alààyè sórí ìwé. Gbogbo wọn ni. Abo ẹṣin pupa tí ìyá Damdin máa ń fún wàrà rẹ̀ wà lára wọn. Pátákò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ máa ń yà síta, mo sì rí i nínú òjò dídì. Ó forí lé àríwá, síbi òkúta ààlà. Afẹ́fẹ́ ti gbá ìyókù bò. Mo yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Norjmaa kò sọ pé, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ì bá kúkú ti sọ ọ́.

Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lọ sí àgọ́ àwọn ọmọ-ogun ààlà. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kéré sí Damdin. Ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí èéfín ààrò.

"Bàbá, ọkọ̀ wà, epo kò sí. Nígbà tí epo wà, kò sí bátìrì. Oṣù kẹta rèé tí wọn ò sanwó fún wa."

"Ẹṣin àgọ́ yín ńkọ́?"

"A ti jẹ wọ́n."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bó ọ̀dùnkún, ọrùn wọn tín-ín-rín bí ti ọmọ ẹyẹ. Ó ní kí n sọ fún àwọn èèyàn mi kí wọ́n má kọjá ààlà lọ wá ẹran. Àwọn tó wà lódìkejì ti bẹ̀rẹ̀ sí yìnbọn láì kọ́kọ́ kígbe.

"Bí ẹnikẹ́ni bá sì kọjá," ó ní, "mi ò rí i o. Mi ò ní ohun tí màá fi rí i."

Mo fún un ní wàràkàṣì gbígbẹ tí mo fi sápò fún ara mi. Ó pín in fún wọn lójú mi.

Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Damdin dé. Ojú rẹ̀ dúdú nítorí òtútù. Táyà bẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n sùn sínú òjò dídì, wọ́n ń jó táyà àtijọ́ kí ara wọn lè gbóná. Níbi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè kọjá, àwọn kan gbé igi dínà, wọ́n gba àpò ìyẹ̀fun kan, wọ́n sì ṣí fìlà lórí awakọ̀. Damdin ní awakọ̀ sunkún nítorí fìlà ju ìyẹ̀fun lọ. Ó ń fi í sọ ìtàn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kó ẹrù wọlé. Àpò ìyẹ̀fun méjì, tíì mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ bíi bíríkì, súìtì fún Norjmaa. Lẹ́yìn náà ló wò wá.

Èmi fúnra mi ló sọ fún un. Mi ò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́.

"Ta ló júwe ibi tí wọ́n wà fún wọn?"

"Èmi ni."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́. "Màá lọ bá Tserendash, ó ní ìbọn."

"Jókòó. Ẹṣin ni. Ẹṣin a máa bí ẹṣin. Èmi ò lè bí ọmọ mìíràn mọ́."

"Nígbà tí a bá fẹ́ ṣí lọ sí ibùdó ìgbà ìrúwé, Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni kí n di ẹrù lé lẹ́yìn?"

"Dì í lé mi. Màá gbé e."

"Ẹ ò lè gbé ara yín sórí ẹṣin láì gun òkúta."

Òtítọ́ ni. Mo sọ fún un ohun tí ọ̀gá ọmọ-ogun wí. Ó ní bí ìyá òun bá wà láyé, kò ní jẹ́ kí abo ẹṣin yẹn sùn mọ́jú kan nílé olè. Mo ní bí ìyá rẹ̀ bá wà láyé, yóò fi igbá ìpọnmi fọ́ ọ lórí. Lọ́dún tó kọjá la gbé ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù yìí kan náà lọ sí ilé ìwòsàn, tí epo tán lágbedeméjì ọ̀nà. Èmi àti ọmọ náà la jọ jókòó tì í. Kò yẹ kí n máa rán an létí ohun tí ó kù sí mi.

Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó ti lọ kí n tó jí. Ó gun ẹṣin eérú, ìbọn Tserendash wà léjìká rẹ̀. Norjmaa wọ́n wàrà tẹ̀ lé e kí ọ̀nà rẹ̀ lè funfun. Ó ní wàrà náà dì kó tó kan ilẹ̀.

Oṣù Kejì, ọjọ́ ogún

Kò dé.

Oṣù Kejì, ọjọ́ kejìlélógún

Ọjọ́ kìíní Oṣù Funfun. Norjmaa gbálẹ̀, ó to àkàrà ìyẹ̀fun lé ara wọn bí a ṣe máa ń tò ó lọ́dún. Ó wọ aṣọ tí wọ́n fi gbé e níyàwó. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi, ó kí mi ọdún, mo fi imú fa òórùn iwájú orí rẹ̀ bí àgbà ṣe ń kí ọmọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Àwa méjì péré, abọ́ kẹta wà nílẹ̀.

Tserendash wá kí wa nínú aṣọ tuntun, àmì ẹ̀yẹ ìjọba àtijọ́ ló so mọ́ àyà.

"Ta lo fẹ́ fi ìyẹn hàn?" mo bi í.

"Ó bá aṣọ mu."

"O yá ọmọ mi ní ìbọn."

"Ó bẹ̀ mí, Chültem."

"Bó bá bẹ̀ ọ́ fún iná, wàá fún un níná?"

Ó yí ìgò aáṣáà rẹ̀ lọ́wọ́ títí. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbọ́, pé àwọn Tuva náà ń pàdánù ẹṣin, wọ́n sì ń sọ fún ara wọn pé àwa ni olè. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, orúkọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀."

Norjmaa bi í bóyá ó fún Damdin ní ọta púpọ̀. Ó ní ìwọ̀nba. Norjmaa ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì jáde lọ wo àgùntàn tí kò ní kí wọ́n wo òun.

Oṣù Kejì, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ó dé lọ́sàn-án. Norjmaa ló kọ́kọ́ rí i, ó sáré láì wọ fìlà. Mo ka àwọn ẹṣin tó ń dà bọ̀ kí n tó rántí pé kò yẹ kí n kà wọ́n. Wọ́n jẹ́ méje. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tiwa.

Ẹṣin tó dára ni wọ́n, àmì olówó wọn wà ní itan, ó rí bí ìwọ ẹja. Mi ò mọ ẹni tó ni ín.

"Mi ò rí tiwa," ó ní. "Mo rí ìwọ̀nyí."

"Ta ló ń ṣọ́ wọn?"

"Ẹnìkan wà níbẹ̀. Mo yìnbọn sókè."

"Sókè ibo?"

Ó ní ó rẹ òun. Kò jẹun. Norjmaa fún un ní omitooro ẹran, ó dì í mú títí ó fi tutù. Mo ní kí ó kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Damdin ní, "Kọ ọ́. Ṣebí èmi ló ní kí o máa kọ ọ́."

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kejì

Tserendash ti ìlú àgbègbè dé. Kò sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Ó ní kí n jáde wá.

Ó rí abo ẹṣin pupa. Inú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹran títà lọ sí ìlú ńlá ló wà, orí rẹ̀ yọ síta láàárín pákó. Ọkùnrin kan tó ní eyín góòlù ló ń ka owó nídìí ọkọ̀ náà, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, ọmọ àgbègbè tó tẹ̀ lé tiwa ni. Ó gbọ́ níbẹ̀ pé wọ́n da ẹṣin wa gba àríwá títí dé òkúta ààlà kí ẹni tó bá tọpa wọn lè rò pé wọ́n kọjá, lẹ́yìn náà ni wọ́n yà wọ́n sórí odò tó dì, níbi tí pátákò kì í fi àmì sílẹ̀. Wọn ò kọjá ààlà rárá.

Mo ní kí Tserendash má sọ ọ́ fún Damdin. Damdin dúró lẹ́yìn wa.

Ó lọ sáàárín ẹṣin méje náà, ó dúró níbẹ̀ títí. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Ẹni tó yẹ kí n yìnbọn sí ti mu tíì wa, ó sì ti lọ."

Oṣù Kẹta, ọjọ́ karùn-ún

Ìjì. A fi okùn so àgọ́ mọ́ òkúta. Àgùntàn ń bímọ sínú òjò dídì, àwọn ọmọ wọn tó yè wà nídìí ààrò, mẹ́ta kú. Ajá ń gbó síhà àríwá, bí mo bá sì jáde, mi ò rí nǹkan kan. Damdin ń sùn ti ìbọn. Mo ní kí ó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ó ní ó di ìgbà tí ìjì bá rọ̀. Ìjì kọ́ ló ń dúró dè.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹjọ

Ìjì rọ̀. Ẹnìkan ké pé kí a di ajá mú. Norjmaa kò dìde. Èmi ni mo jáde.

Àgbàlagbà kan ni, òun nìkan, ẹṣin rẹ̀ rù. Ẹṣin náà ké lẹ́ẹ̀kan, àwọn méje tí a so sẹ́yìn àgọ́ sì dá a lóhùn. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó yíjú síbẹ̀.

Ó wọlé, ó jókòó síbi tó yẹ kí àgbà jókòó sí. Ó gba aáṣáà mi, ó fa díẹ̀, ó dá a padà. Tuva ni. Ó ń sọ èdè wa díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ ẹja tó légungun. Ó ní Sandak ni orúkọ òun. Ó sọ orúkọ rẹ̀ kí tíì tó dé.

Mo ní, "Ṣé òtútù ń lọ ní ìrọ̀rùn fún yín?"

"Rárá," ó ní.

Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

"Ọmọ mi tó kéré jù ló ń ṣọ́ àwọn ẹṣin yẹn. Ọta wà nínú itan rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti wú, ó ti ń rùn. Kò sí oògùn nílé ìwòsàn wa, wọ́n ní kí a máa fi ọtí fọ̀ ọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di gàárì láti wá síhìn-ín. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wo irú èèyàn tí ẹ jẹ́."

Mo fẹ́ kí Damdin dákẹ́. Mo wò ó pé kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó ti ìbọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ kó tiwa."

Sandak yíjú sí mi. "Ẹ̀yin náà ti pàdánù?"

"Gbogbo rẹ̀," mo ní. "Èèyàn tiwa fúnra wa ló kó o."

"Tiwa náà," Sandak ní. "Nígbà ìkórè. Èèyàn tiwa náà ni." Ó dà bí ẹni pé yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí ó kó ẹṣin méje rẹ̀, kí ó sì mú àgùntàn mẹ́wàá kún un. Ó mi orí.

"Màá kó ẹṣin mi. Àgùntàn ń bímọ nílé mi, kò sí ọwọ́ tó ń gbé ọmọ wọn wọlé. Ìyá ọmọ náà ń tọ́jú ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ṣe nǹkan mìíràn ju kí wọ́n máa nu ìbọn. Kí ni màá fi àgùntàn mẹ́wàá ṣe?"

Ó yé mi. Mo rò pé ó yé Damdin náà, nítorí ó dìde.

"Èmi ni kí n lọ, Bàbá. Èmi ni mo yìnbọn."

"Ìyẹn gan-an ni o ò fi ní lọ. Wọn ò ní jẹ́ kí o sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin." Mo yíjú sí Sandak. "Mo mọ bí a ṣe ń gbẹ̀bí àgùntàn. Mi ò yára, ṣùgbọ́n mi ò sùn púpọ̀. Bí àwọn ọmọ yín bá rí mi nínú agbo lójoojúmọ́, ṣé wọ́n á ṣì wá síhìn-ín?"

"Títí ọmọ mi á fi dìde," ó ní, "wọn ò ní wá."

Norjmaa gbé kálàmù sílẹ̀ níbí. Mo dúró dè é títí ó tún fi gbé e.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹsàn-án

Sandak ti ń so ẹṣin rẹ̀ pọ̀ níta. Mò ń sọ̀rọ̀ yìí lórí ìdúró.

Norjmaa, má jẹ́ kí àwọn ọmọ àgùntàn tó wà nídìí ààrò jáde kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Àgùntàn ojú dúdú yẹn kì í gba ọmọ rẹ̀, kọrin fún un títí yóò fi gbà á. Ẹ yá ràkúnmí Tserendash kí ẹ fi ṣí lọ sí ibùdó ìrúwé. Ó jẹ wá ní gbèsè nítorí ìbọn yẹn, kó má wá bá yín ṣàwàdà. Bí àlejò bá bi yín ibi tí ẹran ń jẹ̀, ẹ fún un ní tíì, ẹ má dá a lóhùn. Ojú á tì yín. Kí ó tì yín.

Damdin ń di gàárì fún mi. Kò wojú mi láti àárọ̀. Ó gbé òkúta wá síwájú ẹṣin kí n lè gùn ún. Mo ní kó gbé e kúrò, kó fi ọwọ́ rẹ̀ gbé mi gùn ún.

Lánàá, nígbà tí a jáde lọ wo ojú ọ̀run, mo bi Sandak pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ náà bá kú. Ó fa aáṣáà. Ó ní òtútù ọ̀dọ̀ àwọn ju tibí lọ, kí n mú aṣọ tó nípọn dání. Norjmaa ti dì í fún mi.